Ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, ilé lókè: Kí oníṣòwò tó sanwó, kó kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú páláànù

Ẹni tó bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lóde òní, ohun mẹ́ta ló sábà máa ń béèrè: èló ni wọ́n ń gbà, ṣé iná wà níbẹ̀, ta sì ni lánlọ́ọ̀dù? Ìbéèrè kẹrin wà tí kì í sábà jáde lẹ́nu àwọn èèyàn, òun gan-an ló sì ti kó ọ̀pọ̀ oníṣòwò kékeré sí gbèsè. Ìbéèrè náà ni pé, ṣé ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́ ibí yìí fún láti ìbẹ̀rẹ̀, àbí ṣe ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé? Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilé lè máa pa owó lónìí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìjọba bá gbé katakata dé, oníṣòwò ló máa kọ́kọ́ pàdánù. Owó tó ti san sílẹ̀ fún onílé kì í padà bọ̀rọ̀, owó tó fi kan pákó àti ilẹ̀kùn onírin sì ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ilẹ̀ ti wọ́n ju ojú lọ ní àwọn ìlú ńlá wa, àwọn tó ń kọ́lé tà sì ti ń kọ́ ọ lọ sókè. Wọ́n á kó ṣọ́ọ̀bù sí ìsàlẹ̀, wọ́n á to fúláàtì lé e lórí, wọ́n á ní àgbàlá kan wà tí gbogbo ará ilé jọ máa lò. Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ìbùkún ni fún ẹni tó ń ta búrẹ́dì, ẹni tó ń ránṣọ àti ẹni tó ń gẹrun. Bí wọ́n bá ṣe é lódìlódì, oníṣòwò, onílé àti ayálégbé ni yóò jọ jìyà rẹ̀.

KÌ Í ṢE NǸKAN ÀJÈJÌ SÍ WA

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣà òyìnbó ni kí ilé àti òwò jọ wà pọ̀. Agbo ilé àwọn baba wa, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Àgbàlá wà láàrin, yàrá yí i ká, gbogbo ẹbí ló jọ ń lo ojú àgbàlá náà fún eré ọmọdé, ẹjọ́ mọ̀lẹ́bí àti ìnáwó. Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ahunṣọ ń jókòó sí, ẹnu ọ̀nà ilé sì ni ìyá àgbà ń pàtẹ ọjà tirẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó ní láti wọkọ̀ kó tó dé ibi iṣẹ́.

Nígbà tí àwọn Àgùdà ti Brazil àti Cuba padà wá sí Èkó ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, wọ́n mú irú ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tiwọn dání. Ṣọ́ọ̀bù tàbí ibi iṣẹ́ ọwọ́ a máa wà nísàlẹ̀, ìdílé a máa gbé lókè, kànga àti ilé ìdáná a sì wà ní àgbàlá ẹ̀yìn. Ilé tí ìdílé da Rocha kọ́ sí òpópónà Kakawa, èyí tí wọ́n ń pè ní Ilé Omi, láti inú kànga rẹ̀ ni wọ́n ti ń ta omi fún àwọn ará àdúgbò. Ilé Ilojo Bar ní Tinubu Square náà jẹ́ ilé oúnjẹ àti ọtí nísàlẹ̀ pẹ̀lú ibùgbé lókè. Ìjọba kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016.

Ohun tó dára nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tó kọ́ ọ ti mọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní pé òwò máa wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kọjú sí títì, ilẹ̀kùn ilé gba ẹ̀gbẹ́, oníbàárà kò sì ní í wọ yàrá onílé.

ILÉ DÁRA, ỌJÀ KÚ

Ní 1928 ni ìjọba amúnisìn dá àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Lagos Executive Development Board sílẹ̀, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri ti ṣọṣẹ́ l'Ékòó. Nígbà tó di 1955, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tó fún mọ́ra ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun tí wọ́n kọ́ sí Sùúrùlérè. Ilé náà gbayì. Àyè wà níbẹ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i.

Onímọ̀ ará Ìlú Ọba kan, Peter Marris, ló ṣèwádìí ìgbésí ayé àwọn tí wọ́n kó lọ yìí, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ohun tó rí kò dùn mọ́ oníṣòwò nínú. Àwọn tó ń tajà ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò rí oníbàárà mọ́ ní ibi tuntun. Oníṣẹ́ ọwọ́ jìnnà sí àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún un. Ẹni tó fẹ́ padà sí ọjà àtijọ́ ní láti máa san owó ọkọ̀ lójoojúmọ́, owó ilé náà sì tún ga ju èyí tó ń san tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé wọn sàn ju ti àtẹ̀yìnwá, ọjà wọn kú.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, èèyàn pọ̀ lórí ilẹ̀ kékeré, gbogbo ẹni tó bá ń lọ tó ń bọ̀ ló ń kọjá níwájú ọlọ́jà. Àwọn tó ṣètò Sùúrùlérè ro ibi tí èèyàn máa sùn sí, wọn kò ro ibi tó ti máa jẹun tó bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n rò ó. Ó wá pẹ́ kí òwò tó fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà wọ ibẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá gba òpópónà Adéníran Ògúnsànyà kọjá, ṣọ́ọ̀bù lọ́tùn-ún lósì ni yóò máa rí. Àwọn tí ọjà wọn ti kú ní àkọ́kọ́ kọ́ ló jàǹfààní rẹ̀.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ Ẹ̀SÌTÉÈTÌ JÁKÁŃDÈ

Alhaji Lateef Jakande, tó kú ní oṣù kejì ọdún 2021, ló jẹ́ gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó láti oṣù kẹwàá 1979 títí di òpin ọdún 1983. Láàrin ọdún mẹ́rin péré, ìjọba rẹ̀ kọ́ ẹ̀sìtéètì fún mẹ̀kúnnù káàkiri ìpínlẹ̀ náà, bíi ti Ìsọlọ̀, Òkè-Afá, Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, Ìpọ́nrí àti Abẹ́sàn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ló di onílé nípasẹ̀ rẹ̀, títí di òní ni àwọn èèyàn sì ń ṣàdúrà fún un.

Àmọ́ ibùgbé ni wọ́n fi ṣe pàtàkì jù nínú ètò náà. Nígbà tí ìlú le, tí owó oṣù kò tó ná mọ́, ẹni tó ń gbé fúláàtì ìsàlẹ̀ rí i pé iwájú ilé òun lè mówó wọlé. Ó lu ògiri, ó fi ilẹ̀kùn onírin sí i, yàrá àlejò di ṣọ́ọ̀bù. Ẹlòmíì fa páànù síwájú, ẹlòmíì gbé kọ́ńténà sí orí koríko níbi tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tó yá, ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí di ilé ìgẹrun, orí gọ́tà sì di ìsọ̀ alátàrodo.

Ẹni tó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí í mu èéfín jẹnẹrétọ̀. Omi òjò kò rí ọ̀nà lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba á wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí ara ògiri, tí wọ́n á ní kí wọ́n tú àfikún tí kò níwèé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sìtéètì l'Ékòó ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ onífúláàtì kò ní ìwé kankan tó lè fi hàn ju rìsíìtì owó ilé lọ, rìsíìtì owó ilé kì í sì í ṣe ìwé àṣẹ.

Ta la fẹ́ dá lẹ́bi? Oníṣòwò fẹ́ jẹun, ará ilé fẹ́ ra nǹkan nítòsí, ìjọba fẹ́ kí ìlú mọ́. Kò sí ọ̀kan tó burú nínú wọn. Bí wọ́n bá ti fi àyè ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, tí wọ́n ya ìdọ̀tí rẹ̀, omi rẹ̀ àti ariwo rẹ̀ sọ́tọ̀, ìjà náà ì bá má tó bẹ́ẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE ṢE É NÍ SINGAPORE

Singapore ni ibi tí ọ̀pọ̀ àwọn ayàwòrán ilé máa ń tọ́ka sí. Erékùṣù kékeré ni, ilẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní 1960 ni wọ́n dá àjọ tó ń kọ́lé fún ìlú sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní HDB. Lónìí, nínú èèyàn mẹ́wàá tó ń gbé ibẹ̀, bíi mẹ́jọ ló ń gbé ilé tí àjọ náà kọ́.

Àwọn náà ní wàhálà ọjà ojú títì. Nígbà tí wọ́n fi orúkọ àwọn tó ń pàtẹ ojú títì sílẹ̀ ní 1968 àti 1969, wọ́n tó nǹkan bíi 18,000. Ìjọba kò kàn lé wọn kúrò. Láàrin 1971 sí 1986, wọ́n kọ́ àwọn ibi ìtajà oúnjẹ tó ní òrùlé, omi ẹ̀rọ, gọ́tà àti ibi ìdalẹ̀sí, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà láàrin ilé tí àwọn èèyàn ń gbé. Wọ́n kó àwọn alátẹ náà lọ síbẹ̀ ní owó táṣẹ́rẹ́. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ló fi tayọ̀tayọ̀ lọ, nítorí kò sí ọlọ́jà tó ń fẹ́ fi ojú ọjà rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n kó wọn lọ, èèyàn wà níbẹ̀ lókè orí wọn, ìyẹn ló sì yàtọ̀ sí ti Sùúrùlérè. Irú ibi ìtajà oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ti lé ní 100 báyìí, àjọ UNESCO sì kọ àṣà náà sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé ní 2020.

Ohun kejì tí wọ́n ṣe ni pé láti àwọn ọdún 1970, wọ́n ń fi ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé gogoro wọn sílẹ̀ gbayawu, òpó nìkan ló dúró síbẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ń jókòó sí, ibẹ̀ ni ọmọdé ń sá òjò sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìnáwó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú àdúgbò náà. Kò sẹ́ni tó lè sọ ibẹ̀ di ti ara rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ní 2017, wọ́n parí ilé kan tó ń jẹ́ Kampung Admiralty. Fúláàtì 104 fún àwọn àgbàlagbà wà níbẹ̀, ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, ibi ìtọ́jú ọmọ wà níbẹ̀, ọjà oúnjẹ wà níbẹ̀, gbàgede ńlá kan wà nísàlẹ̀, ọgbà sì wà lórí òrùlé tí àwọn ará ilé ti ń gbin nǹkan. Ní 2018, ìpàdé àwọn ayàwòrán ilé lágbàáyé fún un ní oyè ilé tó dára jù lọ lọ́dún náà.

Òótọ́ ni pé tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ìjọba ló ń kọ́ ọ níbẹ̀, aládàáni ló ń kọ́ èyí tó pọ̀ jù ní ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò nílò owó ìjọba kó tó wọ̀ wá létí: wọ́n kọ́kọ́ pinnu ibi tí ọjà máa wà, ibi tí èèyàn máa wà àti ibi àjọlò, kí wọ́n tó da kọnkéré.

Ẹ JẸ́ KÁ ṢÈṢIRÒ

Ká ní ilẹ̀ kan gba ilé pẹ̀lẹ́ mẹ́fà, tí èèyàn mẹ́rin mẹ́rin ń gbé inú ìkọ̀ọ̀kan. Èèyàn 24 nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ́ ilé alájà tó ní fúláàtì 60 sí orí ilẹ̀ kan náà, èèyàn 240 ni. Ká tún ní ìdajì nínú àwọn ìdílé náà ń ra búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Níbi ilé pẹ̀lẹ́ mẹ́fà, búrẹ́dì mẹ́ta péré ni ọlọ́jà máa tà. Níbi fúláàtì 60, yóò ta 30 lójúmọ́, ìyẹn 210 lọ́sẹ̀, kò sì tí ì ka ẹni tó ń kọjá lọ ní títì mọ́ ọn.

Àmọ́ ìṣirò náà ní apá kejì. Bí ẹni mẹ́ta bá ń ta búrẹ́dì nínú ẹ̀sìtéètì yẹn, mẹ́wàá mẹ́wàá ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni tó kọ́lé bá sì kó ṣọ́ọ̀bù 20 sábẹ́ fúláàtì 60 nítorí pé owó ṣọ́ọ̀bù dùn ún gbà, ìdílé mẹ́ta ló kan ṣọ́ọ̀bù kan. Kò sí bí ìdílé mẹ́ta ṣe lè bọ́ ṣọ́ọ̀bù kan yó. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè gbè ọ́ bí ojú rẹ̀ bá kọ sí títì tí èrò pọ̀ sí. Bí ojú gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá kọ sí inú ọgbà, tí máígáàdì sì ń béèrè lọ́wọ́ àlejò pé ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ, ẹ jìnnà sí i.

ÀGBÀLÁ ÀJỌLÒ, OWÓ NI

Àwọn kan rò pé àyè tí wọn kò kọ́ nǹkan sí, òfò ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ìyá lè jókòó sí lábẹ́ igi nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣeré, ibẹ̀ ni yóò ti ra ẹ̀pà, ibẹ̀ ni yóò ti gbé aṣọ fún aránṣọ. Ẹni tó bá dúró ló ń rajà, ẹni tó ń sáré kọjá kì í rà.

Àwọn onílé kékeré náà lè ṣe é, kò dìgbà tí wọ́n bá di ọlọ́lá. Púlọ́ọ̀tì kan sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Ká ní púlọ́ọ̀tì mẹ́rin wà pọ̀, méjì kọ ẹ̀yìn sí méjì. Bí onílé kọ̀ọ̀kan bá fi ẹsẹ̀ bàtà 30 sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀, tí wọn kò sì mọ ògiri sí àárín, àgbàlá tí wọ́n máa ní yóò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 120 sí 60. Odindi púlọ́ọ̀tì kan nìyẹn. Kànga dẹ́rọ̀ kan lè tó wọn dípò mẹ́rin, ibi ìdalẹ̀sí kan, ibi ìsáṣọ kan, iwájú ilé kálukú á sì ṣẹ́ kù fún ṣọ́ọ̀bù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n lọ bá lọ́yà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó hàn nínú ìwé ilẹ̀ kálukú, nítorí pé bí ọ̀kan bá tà lọ́la, ẹni tó rà á lè mọ ògiri tirẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

OHUN TÓ YẸ KÍ Ẹ BÉÈRÈ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ní kí onílé fi páláànù tí ìjọba fọwọ́ sí hàn yín, kí ẹ sì wò ó bóyá ṣọ́ọ̀bù ló wà níbi tí wọ́n fẹ́ fún yín. L'Ékòó, àjọ LASPPPA ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, LASBCA ló sì ń mójú tó bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ilé gbígbé di ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ gba àṣẹ tuntun. Ní ìpínlẹ̀ yòókù, ẹ dé ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ìlú.

Èkejì, ẹ lọ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ ka iye èèyàn tó kọjá. Ẹ wò ó bóyá ojú ọ̀nà tí àwọn ará ilé ń gbà wọlé ni ó wà. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn ibi tí gbogbo èèyàn ti yà kúrò, ọ̀wọ́n gógó ni bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ẹ̀kẹta, ẹ bi ara yín bóyá òwò yín bá ẹni tó ń sùn lókè mu. Aránṣọ, oníkẹ́míìsì àti alátà wẹ́wẹ́ lè wà lábẹ́ yàrá. Ẹ̀rọ ìlọta, jóńkà onírin àti ẹni tó ń yan ẹran kò lè wà níbẹ̀ láìsí ìjà, àyàfi tí wọ́n bá ti ṣe ibi tí èéfín àti ariwo máa gbà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ béèrè owó ìtọ́jú àyíká. Èló ni, ta ló ń gbà á, kí ló wà fún? Òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 là á sílẹ̀ pé onílé tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fúnni ní rìsíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀, kó sì sọ bó ṣe ná an ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Òfin náà yọ Àpápá, Ikoyi, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é, nítorí náà kí ẹni tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù ní àwọn ibẹ̀ yẹn jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn.

Ẹ̀karùn-ún, kí ìwé àdéhùn sọ ohun tí ẹ lè ṣe nínú àgbàlá. Ṣé ẹ lè gbé àga síta? Títí di agogo mélòó? Ṣé wọ́n máa gba oníṣòwò mìíràn tó ń ta irú ọjà yín? Èyí tí wọ́n bá fi ẹnu lásán sọ, wọ́n lè fi ẹnu lásán yí i padà.

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ wo ilé náà, ẹ wo páláànù rẹ̀, ẹ wo àgbàlá rẹ̀, kí ẹ tó kọ orúkọ yín sí ara pátákó ṣọ́ọ̀bù.